Ìdajì Ìwé Tó Bá Ẹja Lọ sí Igbókòdá

Ìwé inú ilé mi, èéfín ẹja ni wọ́n ń rùn. Ẹni tó bá ń gbé etí òkun bíi tiwa kò ní bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Iyọ̀ wà nínú atẹ́gùn wa. Ìwé tí a bá fi sínú àpótí fún ìgbà díẹ̀, á hu èbu funfun lára. Nítorí náà, bí a bá ti kó ẹja kúrò lórí pẹpẹ, tí iná ààrò ti rọlẹ̀, mo máa ń tẹ́ ìwé mi síbẹ̀ kí ooru tó kù lè gbẹ ẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wa ni àwọn ìwé náà ti wá. Nígbà tí òkun ń jẹ ilẹ̀ bọ̀, tó kù díẹ̀ kó dé yàrá ìkàwé wọn, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí ẹni tó bá lè tọ́jú ẹrù wá gbé e. Àwọn èèyàn gbé àga, wọ́n gbé pákó. Èmi gbé ìwé. Ìwé kíkà tí mo mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n kọ́ àwa obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn tí mo ti bímọ. Ìka ni mo fi ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, ẹnu mi á sì máa mì. Kò yá, ṣùgbọ́n mo máa ń dé ibi tí mò ń lọ.

Láti ìgbà tí afárá pákó iwájú ilé wa ti já, tí orúnkún mi kò sì jẹ́ kí n lè sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ mọ́, inú ilé orí òpó yìí ni mo wà. Omi níwájú, omi lẹ́yìn. Ọmọ mi á gbé àwọ̀n lọ sójú omi, ìyàwó rẹ̀ á gbé ẹja lọ sí Igbókòdá. Ó wá ku èmi àti ìwé.

Èyí tí mò ń kà nígbà náà, ìtàn obìnrin kan tí àwọn ẹbí ọkọ tì mọ́ yàrá ni. Mo ti ka dé ibi tó ti rí kọ́kọ́rọ́ kan lábẹ́ ẹní. Ṣé yóò jáde? Mo ń bó ẹ̀gẹ́, ohun tí mò ń rò nìyẹn. Mo ń gbá ilé, òun náà ni. Àfi bí òjò ṣe jò lé ìwé náà. Okùn rẹ̀ já, ìdajì ẹ̀yìn tú. Mo ṣa ewé rẹ̀, mo tẹ́ wọn sórí pẹpẹ, mo lọ fẹ̀yìn lélẹ̀.

Bébà ni a máa ń tẹ́ sísàlẹ̀ agbọ̀n kí ẹja yíyan má baà fọ́, orí pẹpẹ kan náà la sì ti ń gbẹ bébà ọ̀hún. Nígbà tí mo dìde, pẹpẹ ti ṣófo, ọkọ̀ ti lọ.

Ọ̀sán ni ìyàwó ọmọ mi dé.

“Ìyàwó mi, bébà orí pẹpẹ dà?”

“Mo ti fi di ẹja, Màmá. Ó dára o, ẹyọ ẹja kan ò fọ́ lónìí.”

“Ìwé mi ni.”

Ó káwọ́ lérí. “Yéè! Màmá oníwèé! Ta ló tún ń yan ìwé bí ẹni ń yan ṣáwá?”

“Èmi ni. Ṣé òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi ni?”

“Odindi ìwé ni mo máa ń rí. Èyí ti tú, mo ní bébà agbọ̀n ni.”

“Ta ló rà á?”

“Àwọn ará Àkúrẹ́ ni. Tagbọ̀n-tagbọ̀n ni wọ́n kó o sínú mọ́tò.”

Agbọ̀n kan ṣoṣo ló gbé padà, èyí tó tú ẹja inú rẹ̀ tà lẹ́yọ; ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ewé kan ṣoṣo lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó ti mu òróró ẹja. Mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, mo kà á sókè. Obìnrin náà ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, kò yí. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mìíràn ni.

“Kí ló wá ṣe?” Ìyàwó ọmọ mi ti jókòó.

“Ibẹ̀ ni ewé yìí parí sí.”

“Ẹ ṣáà ní ó jáde, Màmá. Ta ni yóò mọ̀?”

“Èmi á mọ̀.”

Ó na ọrùn wo ewé ọwọ́ mi. “Ṣé yàrá yẹn ò ní fèrèsé ni?”

Mo gbé ìdajì tó kù lé itan, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́, mo ń fi ìka wá fèrèsé. Mo rí ẹní, mo rí ìkòkò omi, mo rí ìṣó tí wọ́n fi kọ́ aṣọ. Mo kà á tán. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi fèrèsé kankan síbẹ̀.