Owú Bàbá Gbọọrọ sí Kadiláàkì Tuntun

Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí Bàbá Gbọọrọ ti ń wakọ̀ fún hòtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ọkọ̀ kan ṣoṣo náà ló sì ń wà. Kadiláàkì ayé àtijọ́ ni, ó dúdú, ó sì gùn débi pé bí imú rẹ̀ bá ti wọ géètì tán, ìdí rẹ̀ á ṣì wà lójú títì, á máa dá àwọn oníkẹ̀kẹ́ dúró. Torí gígùn ọkọ̀ yìí ni wọ́n ṣe sọ awakọ̀ rẹ̀ ní Bàbá Gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò ga ju èjìká ìyàwó rẹ̀ lọ.

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Rọra. Àbúrò Bàbá Gbọọrọ ni, àbíkẹ́yìn ìyá rẹ̀. Inú Kadiláàkì yìí ló ti kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, nínú ọgbà ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ epo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pariwo "Rọra! Rọra!" Àwọn alásè gbọ́ ọ títí, wọ́n bá sọ ọ́ di orúkọ mọ́ ọn lára. Nígbà tó mọ ọkọ̀ wà dáadáa tán, wọ́n gbà á síṣẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó aṣọ àlejò lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ ni wọ́n fún un. Inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùn. Ó tilẹ̀ ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé, "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Awakọ̀ kẹta ní ilé iṣẹ́ náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní Jámánì. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Jámánì ló ń wà, kò sì sí ọjọ́ tí òun àti Bàbá Gbọọrọ kì í jókòó jiyàn lórí bẹ́ǹṣì onípákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí.

"Ẹ̀yin náà ẹ pe nǹkan yìí lọ́kọ̀?" ni Jámánì máa ń wí. "Bẹ́ẹ̀dì ni àwọn Amẹ́ríkà so táyà mọ́. Bí ẹ bá yí síárìn lónìí, ó dọ̀la kó tó gbọ́."

"Jẹ́ kó sùn kó tó gbọ́," ni Bàbá Gbọọrọ máa fi dá a lóhùn. "Ta ló ń sáré? Àga tìrẹ le bí àga ilé ẹjọ́. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe."

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kì í darúgbó, ẹ fi hàn mí. Nígbà tó yá, Kadiláàkì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọjọ́ mẹ́ta lójú ọ̀nà. Màdáámù tó ni hòtẹ́ẹ̀lì wá sọ pé òun máa ra ọkọ̀ tuntun tí á máa lọ gbé àwọn àlejò pàtàkì ní pápákọ̀ òfurufú. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ yá a ní méjì kó dán wọn wò fún ọ̀sẹ̀ kan: ọ̀kan láti Jámánì, èkejì Kadiláàkì tuntun, èyí tí kì í mu epo rárá, tó jẹ́ pé iná ni wọ́n ń fà sí i lára.

Nígbà tí Bàbá Gbọọrọ gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. "Ọmọ ọkọ̀ mi ń bọ̀!" Ó fá irùngbọ̀n, ó ní kí ìyàwó òun lọ aṣọ iṣẹ́ òun lẹ́ẹ̀mejì. Kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló máa wà á. Kí ló fẹ́ bi wọ́n sí? Bí bàbá bá fi ilé sílẹ̀, ṣé àlejò ló máa jogún rẹ̀ ni?

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Màdáámù pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ Jámánì sí Jámánì. Ó wá kọjú sí Rọra.

"Ìwọ ni kó o gba Kadiláàkì. Bí a bá rà á, ìwọ lo máa máa wà á. O ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ọjọ́ méjì ni mo lò."

Ọjọ́ méjì! Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Gbọọrọ kà lọ́kàn, ó fi ọjọ́ méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àṣé ọmọ yìí ti lọ kọ́ ọ, kò sì sọ fún òun! Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Kú oríire, àbúrò mi," ó sì ń wo bó ṣe ṣí ilẹ̀kùn, tó jókòó, tí gíláàsì kan tó gùn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì tàn yòò níwájú rẹ̀ bíi tẹlifíṣọ̀n. Ọkọ̀ náà lọ láìdún. Ìyẹn ló tún dùn ún jù. Bí olè ṣe ń jáde nínú ilé ló ṣe jáde.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu bàbá yìí ti yí. Nígbà tí Jámánì dé bẹ́ǹṣì, tó ti múra ìjà sílẹ̀, ohun tó gbọ́ yà á lẹ́nu.

"Ká sọ tòótọ́," ni Bàbá Gbọọrọ wí, "àwọn ará Jámánì mọ ọkọ̀ ṣe. Amẹ́ríkà ìsinsìnyí ò mọ nǹkan kan mọ́. Níbo ni irin dídán wà lára eléyìí? Jíà tó máa ń wà lọ́rùn síárìn ńkọ́? Àtijọ́, tí Kadiláàkì bá ń bọ̀, ilẹ̀ á mọ̀. Eléyìí? Fìríìjì tó ń rìn."

Jámánì wò ó títí. "Bàbá, ṣé ara yín yá?"

"Ara mi le koko."

Ara rẹ̀ kò le. Gbogbo ìgbà tí Rọra bá wọlé ló máa ń dìde lọ wo ọkọ̀ náà yí ká, bóyá ó ti fi ha ògiri. Bó bá rí i pé àwọn alásè ń bá a ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ti abọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ọjọ́bọ̀, Màdáámù ránṣẹ́ pè é. "Bàbá Gbọọrọ, kò sí ẹni tí etí rẹ̀ mọ ọkọ̀ tó ti yín níbí. Ẹ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ méjèèjì, níbi tí àlejò máa ń jókòó sí, kí wọ́n gbé yín dé pápákọ̀ òfurufú kí wọ́n sì gbé yín padà. Èyí tẹ́ ẹ bá ní ó dáa ni màá rà."

Ti Jámánì ló kọ́kọ́ wọ̀. Ọkọ̀ gidi ni, kí á má purọ́. Ó gé kọ́nà bí ọ̀bẹ tó ń gé ọṣẹ, ó sì gun òkè bí ẹni pé wọ́n ń fi okùn fà á. Ṣùgbọ́n gbogbo òkúta tó wà lójú títì ni Bàbá Gbọọrọ fi ìdí kà. Ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé inú ẹni tó di síárìn mú lọkọ̀ yìí máa mú dùn jù, kì í ṣe ẹni tó wà lẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ló wọ ti Rọra. Ó ti múra àtikórìíra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ òkìtì tí wọ́n ṣe sójú títì kí ọkọ̀ má baà sáré, ó ń bẹ̀bẹ̀ lọ́kàn pé kó fò, kó gbá òun lórí mọ́ àjà. Kadiláàkì àtijọ́, bó bá gun irú òkìtì bẹ́ẹ̀, á mì lẹ́ẹ̀mẹta bí ọkọ̀ ojú omi kó tó dúró. Eléyìí tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó nàró, ó parí. Bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ tó ti sùn sílẹ̀ ló ṣe gbé e sílẹ̀. Ariwo ọjà kan wà lápá ọ̀tún, ó ń rí ẹnu àwọn èèyàn, kò gbọ́ ohùn wọn. Ó na ẹsẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wá àbùkù sí ìrọ̀rí tó fi ẹ̀yìn tì.

Nígbà tó tún mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, géètì hòtẹ́ẹ̀lì ló rí níwájú, itọ́ sì wà létí ẹnu rẹ̀. Rọra ń wò ó nínú dígí. 

Bàbá Gbọọrọ nu ẹnu, ó bá lọ bá Màdáámù. Ó ní, "Ti Jámánì ni, Mà. Eléyìí kò bójú mu fún àlejò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò rọgbọ."

Ẹnu òpùrọ́ kì í sáà ṣẹ̀jẹ̀. Màdáámù dúpẹ́, ó ní tó bá di Mọ́ńdè òun máa dá wọn lóhùn.

Ní Sátidé, Rọra wá sílé rẹ̀. Ìyàwó Bàbá Gbọọrọ ń lọ aṣọ nínú pálọ̀, òun sì jókòó pẹ̀lú rédíò. Rọra kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde, kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Màdáámù sọ ohun tẹ́ ẹ wí fún mi. Ẹ ní ẹ̀yìn rẹ̀ ò rọgbọ."

"Ohun tí mo rí ni mo sọ."

"Ẹ sùn."

"Ta ló sùn?"

"Ẹ sùn fún ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ ń han-anrun. Láti kékeré mi, mi ò rí i kẹ́ ẹ sùn nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíì ń wà rí. Bí mo bá ní mo fẹ́ gbé yín lọ sí ọ̀hún yẹn báyìí, ẹsẹ̀ yín á ti wà lórí búrékì tí kò sí níbẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ. Bàbá Gbọọrọ dìde.

"O fẹ́ kí n wí kí ni? Ó yẹ kó o sọ fún mi pé o fẹ́ lọ kọ́ ọ! Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi di nǹkan yẹn mú. Mo da epo sí i, mo fi ẹ̀wù ara mi nù ún. Tuntun wá dé, ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ wojú mi! Ìwọ tí mo kọ́, ìwọ ni wọ́n gbé e fún. Ṣé igi ni mí?"

"Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ kó wá kọ orúkọ. Mo sọ fún yín. Ẹ ní ẹ̀yin kì í kọ́ ọkọ̀, pé ọkọ̀ ló ń kọ́ yín."

Òótọ́ ni. Ó rántí. Ó ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́jẹ́, "owú lẹ̀ ń jẹ. Ọmọ ìyá yín mà ni."

Ó yí rédíò sókè. Rọra gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Aṣọ tí ìyàwó ń lọ ti jóná díẹ̀ létí ọwọ́, kò sì sẹ́ni tó bínú sí i.

Ní Mọ́ńdè, kí Màdáámù tó jókòó ni Bàbá Gbọọrọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, fìlà lọ́wọ́.

"Mà, mo parọ́ fún yín. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wakọ̀ fúnra yín, kẹ́ ẹ ra ti Jámánì. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó wà lẹ́yìn, Kadiláàkì ni. Ó ju ti Jámánì lọ, ó sì ju tèmi lọ. Mo sùn nínú rẹ̀."

Màdáámù bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Kí ló wá mú yín sọ ohun tẹ́ ẹ sọ?"

"Owú ni, Mà."

Obìnrin náà fi gíláàsì náà sórí tábìlì. "Mo dúpẹ́ pé ẹ padà wá. Ká ní ẹ ti sọ fún mi pé ẹ fẹ́ wà á ni, ǹ bá pín in láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá purọ́ fún mi nítorí ọkọ̀, mi ò ní fi ọkọ̀ náà lé e lọ́wọ́ lọ́dún yìí. Ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ra Kadiláàkì tuntun, tí Rọra sì ń wà á. Ọ̀sẹ̀ méjì ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kò fi bára wọn sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "káàárọ̀." Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín pé owú náà lọ. Kò lọ. Bàbá Gbọọrọ a máa fọ ọkọ̀ àtijọ́, ojú rẹ̀ á máa lọ sí géètì. Níwọ̀n bí tuntun kì í ti í dún, ìgbà tó bá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń mọ̀, á sì ta gìrì. Á sọ aṣọ ìfọkọ̀ sínú omi, á yí ọkọ̀ náà ká láti wá ibi tó ha.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yí i ká bẹ́ẹ̀, kò rí ibi tó ha. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

"Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn yìí ti lọ sílẹ̀," ló wí, kò wojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Rọra, tó ṣì jókòó sínú ọkọ̀, wo gíláàsì gígùn tó wà níwájú rẹ̀. Gíláàsì náà kò tíì fi hàn án pé afẹ́fẹ́ kankan lọ sílẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ mú ohun tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ wá, ó wọ̀n ọ́n. Ó lọ sílẹ̀ lóòótọ́, díẹ̀ báyìí.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi."

"Máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀," ni Bàbá Gbọọrọ wí. Ó padà síbi garawa rẹ̀, ó fún aṣọ náà, ó sì ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.