Ajá Tí Mo Sọ Ní Kòkànyín

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi àfojúdi mi, nítorí òun ló bí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ajá àkọ́kọ́ tí mo ní láyé mi, Kòkànyín ni mo sọ ọ́. Kì í ṣe pé orúkọ tán nílẹ̀ o. Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kó gbọ́ ọ láàárọ̀, kó gbọ́ ọ lọ́sàn-án, kó sì tún gbọ́ ọ nígbà tó bá ń rokà alẹ́.

Ẹni náà ni Ìyá Ìbejì tó ń ta búrẹ́dì létí títì, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi nínú ilé tí a jọ ń gbé ní Okokomaiko. Obìnrin náà kò burú, ẹ má ṣì mí gbọ́, àmọ́ ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá gbé ìkòkò kaná, á ní, "Ìyàwó, kí la fẹ́ jẹ lónìí?" Bí lẹ́tà bá dé, á ní, "Ṣé àlàáfíà ni wọ́n kọ?" Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà náà, oṣù mẹ́ta mẹ́rin ló máa ń lò lórí òkun, èmi nìkan ni mo sì ń wà nílé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Gbogbo ìbéèrè yẹn ni mo fara dà. Èyí tí mi ò lè fara dà ni èyí tó máa ń bi mí bí oṣù bá ti parí, tó máa wo ikùn mi, tó máa wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ìyàwó, ṣé kò tíì sí nǹkan?"

Ọdún kẹrin ìgbéyàwó mi nìyẹn. Kò sí nǹkan. Màá wọlé lọ sunkún, màá jáde, màá wá máa tẹ ẹ̀rọ bí ẹni tó fẹ́ wà á dé Badagry.

Nígbà tí ọkọ mi mú ọmọ ajá kan bọ̀ láti Àpápá pé kó máa bá mi gbélé, mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Kòkànyín! Torí pé Ìyá Ìbejì jù mí lọ, mo fi "yín" sí i. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mi ò lè bú àgbà láìfi ọ̀wọ̀ kún un.

Ó gbọ́. Yorùbá kì í sọ ajá lórúkọ lásán, gbogbo ilé ló mọ ẹni tí mo ń bá wí. Kò fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ náà rí. "Ajá" ló ń pè é, ó parí. Ìbéèrè rẹ̀ dínkù, àmọ́ kò tán.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣèèṣì bà ni Bàbá Láńlọ́ọ̀dù. Ọmọ bíbí Ojo ni Bàbá, mùsùlùmí gidi, kò sì fẹ́ kí ajá sún mọ́ òun bí òun bá ti ṣe àlùwàlá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ń bọ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́, ó dúró, ó ní:

"Ìyàwó, kí lorúkọ ajá yìí?"

Mo kúnlẹ̀. "Kòkànyín, sà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní Kòkànyín, sà."

"Èmi? Nínú ilé tí mo fi owó ara mi kọ́?"

"Bàbá, ẹ má bínú, orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ ò wọ ọ́ létí mọ́. Ó pariwo tí gbogbo ilé gbọ́: "Èmi lò ń wí fún pé kòkànyín?"

Ajá gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó fò dìde, ó sáré wá jẹ́ ẹ, ó sì lá Bàbá lẹ́sẹ̀ láti ọmọ ìka dé orúnkún. Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ajá, ó wò mí, ó wá padà lọ bu omi mìíràn. Láti ìgbà náà, bó bá ti rí wa lókèèrè ló ti máa ń ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè kí itọ́ ajá má baà kan aṣọ.

Kòkànyín gbọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọdá títì Badagry. Á dúró, á wo ọ̀tún, á sáré dé àárín, á wo òsì, á kọjá. Mo máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fáwọn ọmọ àdúgbò. Ìgbà tó yá ni ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì, kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún. Wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kéde rẹ̀ ní Yorùbá, ní Haúsá àti Ìgbò, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó sọ fún ajá.

Mọ́tò ò pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, ó ń rí i ṣe. Àmọ́ owó epo rọ̀bì dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la títì tuntun, típà oníyanrìn ò wá dá ẹsẹ̀ dúró mọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọjà Ìbà ni mo lọ láti ra òwú. Ó dá mi lójú pé ó dúró létí títì, pé ó wo ọ̀tún dáadáa bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Òsì ni típà gbà wá.

Nígbà tí mo dé, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ẹnì kan ti fi aṣọ dì í. Aṣọ náà kì í ṣe àkísà. Àdìrẹ aláró tó ṣì dáa ni, ìdajì ìró, wọ́n fà á ya láàárín. Aránṣọ ni mí, mo mọ aṣọ tí èèyàn ṣì ń wọ̀. Mo béèrè títí, kò sẹ́ni tó lóun mọ ẹni tó gbé e wá. Mo sin ín tòun taṣọ sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ lẹ́yìn ilé.

Ọ̀fọ̀ ajá le, ẹ̀yin èèyàn mi, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ẹnu tó máa fi kí ọ. Ẹnì kan ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún abiyamọ. Ó gún mi lọ́kàn, àmọ́ mo ní ẹ ṣeun. Ẹlòmíràn ní, "Ajá lásán-làsàn?" Oníbàárà mi kan tiẹ̀ ní, "Háà, ẹ ti sin ín kẹ̀? Ẹ ò bá ti ké sí wa, a à bá wá tòun ti ata." Àlùmọ́gàjí ni mo mú, mo lé e dé ojú títì.

Iṣẹ́ wá dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rán apá búláòsì mọ́ ọrùn. Mo rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọkùnrin kan pa nísàlẹ̀, ó gbé e padà wá, ó tẹ́ ẹ síwájú mi, ó ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n gbé ẹsẹ̀ gbà?" Mo wo ṣòkòtò náà, mo bú sẹ́kún. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé òun lè wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì náà wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, Ìyàwó," ó yí padà. Kò béèrè bó ṣe kú. Kò béèrè ibi tí mo sin ín sí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí obìnrin yìí bi mí ní nǹkan, kò bi mí. Inú bí mi ju ti gbogbo ìbéèrè rẹ̀ àtẹ̀yìnwá lọ. Mo búra pé mi ò ní sin ajá mọ́ láyé mi, ì báà jẹ́ òòyẹ̀, ì báà jẹ́ òkú.

Oṣù mélòó kan kọjá, ọkọ Ìyá Ìbejì ra mọ́tò. Gbogbo èèyàn ló ń ra nǹkan lákòókò náà. Ìjọba ti fi kún owó oṣù, ẹni tí kò ra fíríìjì ra tẹlifíṣọ̀n, kódà níbi tí iná ò dé. Òun ra Ìjàpá, mọ́tò kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn yẹn. Ó pe àáfà, àáfà ṣàdúà sí i. Ó pe wòlíì, wòlíì wọ́n omi sí i. Ó ní ó wá ku Ògún, kó má di pé wọ́n yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ni wọ́n bá fi okùn fa ajá kan wá láti Ìbà, wọ́n so ó mọ́ igi fúrúùtù inú ọgbà, wọ́n ní ní Sátidé ni àwọn máa fi bọ Ògún kí mọ́tò má baà rí jàǹbá.

Mi ò wò ó. Ó gbẹ, etí rẹ̀ ọ̀tún ya, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan funfun, àpá kan sì wà nímú rẹ̀ lápá òsì, ṣùgbọ́n mo ní mi ò wò ó. Lọ́jọ́rú mo gbé omi fún un, nítorí a kì í fi omi du ẹranko. Lọ́jọ́bọ, eegun ẹja bíi mélòó kan ṣèèṣì bọ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo gbé ẹ̀rọ mi jáde sábẹ́ igi náà. Mo ní atẹ́gùn ni mò ń wá.

Mo dìde lọ mu omi, nígbà tí mo padà, ó ti jẹ téèpù tí mo fi ń wọn èèyàn láti ogójì dé ọgọ́ta. Ha! Mo gbé ọwọ́ sókè kí n gbá a lójú. Ó tẹ́ ikùn mọ́lẹ̀, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó ń dúró. Kò gbó, kò sá. Ìyà ti mọ́ ọn lára débi pé kò tiẹ̀ bínú sí i. Ọwọ́ mi ò wálẹ̀ mọ́. Ajá kan ti kú fún mọ́tò, ó wà lábẹ́ ìbẹ́pẹ. Èyí náà tún máa kú fún mọ́tò lọ́la. Mo ní rárá o, kò ṣeé ṣe.

Mo lọ bá ọkọ Ìyá Ìbejì níbi tó ti ń nu Ìjàpá rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lájá yẹn." Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ìyá Ìbejì ló fi owó búrẹ́dì rẹ̀ rà á fún mi. Òun ni kí o lọ bá."

Mo kọ́kọ́ gbé e yẹ̀wò bóyá ajá náà tiẹ̀ wuyì tó bẹ́ẹ̀.

Mo bá a lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ìyàwó."

"Ajá tó wà lábẹ́ igi yẹn, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ó ṣa òkúta kan, ó gbé e síwájú ojú, ó sọ ọ́ nù. Ó wá wò mí.

"Kò kàn yín," ó ní.

Ó fi "yín" sí i! Èmi tí mo jẹ́ àbúrò rẹ̀! Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mọ́tò, ó sọ ọ́ di ikọ́. Ọdún mẹ́ta ni obìnrin yìí fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́nu tó ń dúró dè mí. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn.

"Ó kàn mí," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ó kàn mí."

"Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

Mo lanu kí n sọ ọ̀rọ̀ ajá, ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde. Mo sọ fún un pé mi ò mọ ìgbà tí ọkọ mi ń bọ̀, pé lẹ́tà tó kọ kẹ́yìn ti lé ní oṣù méjì, pé gààrí ni mò ń mu láti ọjọ́ Ajé nítorí mi ò rí ẹni bá jẹun, pé kò tíì sí nǹkan, kò tíì sí nǹkan rárá, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ìbéèrè ọdún mẹ́ta, ìjókòó kan ni mo fi dáhùn wọn. Ìyá Ìbejì ń ṣa òkúta lọ, ó ń sọ òkúta nù. Nígbà tó yá mo rí i pé ẹ̀wà ló ń sọ nù, òkúta ló ń kó sínú abọ́.

"Ọdún méje ni èmi fi wá a kí àwọn ìbejì tó dé," ó ní. "Ìdí tí mo ṣe ń bi ẹ́ nìyẹn." Ó nu imú. "Ojúmìító náà wà níbẹ̀ díẹ̀ ṣá."

"Ajá náà ńkọ́, mà?"

"Ògún ò ní gba ọwọ́ òfo. Àkùkọ rẹ tó máa ń kọ sí mi létí fèrèsé láago mẹ́rin yẹn, gbé e wá." Ó ti pẹ́ tó ti ń fojú sí àkùkọ yẹn lára. "Ẹlẹ́ẹ̀kejì, èmi ni màá sọ ajá náà lórúkọ. Ókànmí lá máa jẹ́. Kí o sì máa pè é sókè bí o ṣe ń pe ti àkọ́kọ́."

Mo gbà. Láàárọ̀ Sátidé, àkùkọ lọ bá Ògún, mo dúró láàárín ọgbà, mò ń pariwo, "Ókànmí! Ókànmí!" Gbogbo àdúgbò yọjú, ajá nìkan ni kò dá mi lóhùn. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù jáde, ó ti ká ṣòkòtò sókè.

"Ìyàwó, ajá mìíràn tún ni? Kí lorúkọ eléyìí?"

"Ókànmí, sà."

"Ó yẹ kó kàn ẹ́, ìwọ lo mú un wọlé. Orúkọ rẹ̀ ni mo ní kí o sọ."

Mo ṣì ń ṣàlàyé fún Bàbá nígbà tí Ìyá Ìbejì jáde pẹ̀lú aṣọ kan lọ́wọ́. Ó jù ú sí mi. "Tẹ́ ẹ fún un kó máa sùn lé e."

Mo tẹ́ ẹ. Àdìrẹ aláró ni, ìdajì ìró, wọ́n fà á ya láàárín. Mo fi ìka tọ ojú ibi tó ya náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rántí ibi tó ń jókòó sí ta búrẹ́dì, létí títì Badagry gan-an. Mo rántí pé kò bi mí ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

"Ìyá Ìbejì," mo ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ gbé Kòkànyín kúrò lójú títì?"

Ó ń ká okùn tí wọ́n tú lọ́rùn ajá. Kò gbójú sókè.

"Kò kàn ẹ́," ó ní. "Ẹ́" ló wí, kò fi "yín" sí i mọ́. Ó wá kọjú sí ajá, ó ní, "Ókànmí, máa bọ̀." Ajá náà dìde, ó lọ bá a.