Ẹni Tó Ń Ti Ẹ̀yìn Ka Ìwé

Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń rán ìwé nílé ìtẹ̀wé tí Ìyá Abẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ìdì ewé ìwé tó kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ gbé sórí pákó, tí yóò fi abẹ́rẹ́ gún, kí ó tó gbé èyí tó ṣáájú rẹ̀ lé e lórí. Nítorí náà, kí ó tó mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn, ó ti mọ ẹni tí yóò kú.

Ìtàn ọmọ ọlọ́pọlọ pípé ló ń tà jù. Bákan náà ni gbogbo wọn: ọmọ kékeré olórí ńlá, tó ń tún ọ̀rọ̀ olùkọ́ ṣe, tó ń tú ohun tó ta kókó mọ́ àgbà lọ́wọ́. Nínú ìdì tó kẹ́yìn, ibà ni, tàbí omi, tàbí pósí kékeré.

“Ṣé dandan ni kí wọ́n pa á ni?” ló bi obìnrin tó ń lẹ èèpo ìwé lọ́jọ́ kan.

“Ìyá Abẹ́rẹ́, bí wọn ò bá pa á, ta ni yóò sunkún? Bí ẹnikẹ́ni ò bá sì sunkún, ta ni yóò ra ìwé? Àbí ẹ̀yin ò fẹ́ jẹun ni?”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Ìyá Abẹ́rẹ́ kò dénú, nítorí ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́ nílé ti ń kàwé geere kí eyín ọmọdé tó ká lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ewé tí ìtẹ̀ wọn bàjẹ́, tí ìyá àgbà fi ń di ẹrù wálé, ni ọmọ náà fi kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé. Bí ọmọ náà bá húkọ́ lásán, àyà obìnrin yìí á já.

Nígbà tó gbọ́ pé tíṣà ń bọ̀ wá dán ọmọ náà wò, kí wọ́n lè gbé e lọ sí kíláàsì àwọn tó jù ú lọ, ó pe ọmọ náà sí ìyẹ̀wù.

“Bó bá gbéwèé fún ọ, ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà.”

“Ṣé ìyẹn kì í ṣe irọ́, Màmá àgbà?”

“Ààbò ni.”

Tíṣà dé, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ṣọ́ọ̀kì ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó ṣíwèé. Ọmọ náà fi ìka tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ṣi èyí tó rọrùn jù kà, ó họ orí, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Omi tilẹ̀ lé sí i lójú.

“Ó ti tó, má sunkún,” ni tíṣà wí, ó pa ìwé dé. “Ẹ má bínú, Màmá. Ó jọ pé mo ṣì í wò.”

“Kò séwu.”

Ó yẹ kí ọkàn Ìyá Abẹ́rẹ́ balẹ̀. Òtútù ló mú un. Òun kọ́ ló kọ́ ọmọ náà ní orí híhọ. Òun kọ́ ló kọ́ ọ ní omi ojú. Kò tíì rán ìwé kankan tí ọmọ inú rẹ̀ gbọ́n tó báyìí.

Bí tíṣà ti jáde, ọmọ náà nu ojú rẹ̀ gbẹ. “Màmá àgbà, títí dìgbà wo ni n ó máa ṣe é?”

Ìyá Abẹ́rẹ́ fojú inú rí ọmọ náà tó dàgbà, tó darúgbó, tó ṣì ń fìka tẹ lẹ́tà bí ẹni tí kò mọ̀wé. Pósí wo ló tún kéré ju ìyẹn lọ?

Ó sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà, ọmọ náà tẹ̀ lé e. “Tíṣà.” Tíṣà kò gbọ́, ó tún pè é. “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá. Ẹ tún ìwé yẹn ṣí.”

Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú gírígírí bí tíṣà ti ń padà bọ̀, kò sì mọ ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń làágùn nínú àwọn méjèèjì.