Ìsinmi Tí Mo Fi Kọ́ Màámi ní Físíìsì

Ọdún tí mo parí JSS3, màámi ní òun ò gbà kí n ṣe sáyẹ́ǹsì. Kò pariwo o. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ nínú ilé wa ní Festac, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Kọmáṣà ni wàá ṣe. Sáyẹ́ǹsì ti gba ọmọ kan lọ́wọ́ mi, kò ní gba èkejì."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò kú o, ara ẹ̀ dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n òun náà ṣe sáyẹ́ǹsì: físíìsì, kẹ́mísírì, bàọ́lọ́jì, Further Maths, Technical Drawing, gbogbo ẹ̀ pátá. Nígbà tó dé SS2, oorun kọ̀ ọ́, oúnjẹ kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè wá láti ilé ìwé pé ó jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó pẹ́ kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú ló wà báyìí, ó ń kun mọ́tò, ó sì máa ń pè wá tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Kò fọwọ́ kan ìwé mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ló kàn mí nínú ẹ̀? Èmi tí mo ti tú áyọ́ọ̀nù ilé wa palẹ̀ kí n lè mọ ibi tí ooru ń gbà wá, kọmáṣà wo ni mo fẹ́ ṣe? Mo sunkún, mo ti ilẹ̀kùn gbà, mo kọ oúnjẹ. Ata ni mí, gbogbo ará kílóòsì tá à ń gbé ló mọ̀.

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ò tíì fẹ̀yìn tì lára ẹ̀. Kì í dá ẹjọ́ láì pe ìpàdé. Ó kó wa jọ sí pálọ̀, ó fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ tẹnu màámi, ó gbọ́ tèmi, ó wá dá a. Mo máa lọ kọ́ lẹ́sìn físíìsì ní àárọ̀ jálẹ̀ ìsinmi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa lọ bá màámi ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Apple Junction, níbi tó ti ń ta pùrófísàn àti mínírà, kí n ṣàlàyé ohun tí mo kọ́ fún un, ní Yorùbá. Tí màámi bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ó yé òun kí ìsinmi tó parí, mo ṣe sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, kọmáṣà. "Ohun tó bá yé ọmọ dáadáa, á lè sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀," bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Màámi gbà kíákíá. Ó yẹ kí ìyẹn ti fu mí lára.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń kọ́ lẹ́sìn. Ẹni tó ń kọ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, ó ń dúró kí wọ́n pè é fún àgùnbánirọ̀, Bọ̀dá la sì ń pè é. Òjò ọdún yẹn ò fẹ́ dá. Bàtà wa wà lọ́wọ́, omi wà lójú ọ̀nà, a máa ń débẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù, Bọ̀dá á sì ti kọ nǹkan kún ojú pátákó.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, mo dúró níwájú màámi, mo ka ohun tí Bọ̀dá kọ fún wa lórí dẹ́ńsítì wàrà-wàrà bí ẹni ń ka Sáàmù, lédè òyìnbó.

Màámi ní, "Yorùbá ni bàbá ẹ sọ."

Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní nǹkan kan máa ń wúwo... ó máa ń fẹ̀... Ojú tì mí. Ẹnu nìkan ni gbogbo ohun tí mo ń kà láti àárọ̀ wà, kò tíì dé orí.

"Kò yé mi," màámi ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì yíjú sí oníbàárà.

Mo padà lọ bá Bọ̀dá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá nǹkan tí màámi ń rí lójoojúmọ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ kejì, mo bu yìnyín látinú fìríìsà, mo jù ú sínú omi.

"Màámi, ẹ wò ó, ó léfòó. Omi kan náà ni o, ṣùgbọ́n tó bá ti dì, á gba àyè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì. Tá a bá ń jó lọ síwájú pẹpẹ, a máa ń fún mọ́ra, gbogbo wa á gba iwájú yẹn. Ṣùgbọ́n tí kálukú bá padà sórí àga ẹ̀, tó na ẹsẹ̀, gbọ̀ngàn á kún. Iye èèyàn ò yí padà, àyè tí wọ́n gbà ló fẹ̀. Bí omi ṣe ń di yìnyín nìyẹn."

Màámi wo yìnyín náà, ó wò ó títí. Ó nu ọwọ́ ẹ̀. "Kò tíì yé mi."

Bá a ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Mo sọ ti ooru, kò yé e. Mo sọ ti agbára iná, kò yé e. Mo fi àkàrà ṣàlàyé átọ́ọ̀mù, ó jẹ àkàrà náà tán, kò yé e! Mo lọ fi ẹjọ́ sun bàbá mi, mo ní, "Dádì, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni!" Bàbá mi ní ìyá mi kì í purọ́, kí n lọ tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo fi orísìírísìí ọ̀nà tún un sọ, débi pé Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí síwájú kí n ṣàlàyé fún àwọn yòókù. Inú mi á dùn ní àárọ̀, màámi á sì bà á jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé, màámi kó mínírà onígò kún fìríìsà, ó sì yí bọ́tìnì òtútù ẹ̀ dé òpin, torí iná tí wọ́n bá mú wá ládùúgbò yẹn kì í pẹ́ kí wọ́n tó mú un lọ. Àṣé lọ́jọ́ yẹn ni iná máa ṣe bí iná òkè òkun. Kò lọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tá a ṣí fìríìsà, gbogbo ìgò ló ti bẹ́.

Mo wà lẹ́yìn àwọn páálí ìńdómì, mo ń gbá àfọ́kù jọ, nígbà tí awakọ̀ kan tó ń gbé ní Abúlé Adó, oníbàárà màámi, wọlé wá ra nǹkan tútù. Ó rí ìgò tó fọ́, ó pariwo.

"Háà! Ìyá, ẹ lọ gbàdúrà o. Ìgò kì í ṣàdédé fọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ayé nìyí!"

Màámi pòṣé. "Ọwọ́ ayé wo? Omi inú ẹ̀ ló dì. Tí omi bá dì, àyè tó máa gbà á fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ìgò ò sì lè nà. Ṣé ẹ mọ̀ bá a ṣe ń fún mọ́ra níwájú pẹpẹ? Tí kálukú bá wá lọ jókòó ńkọ́?" Ó ṣe é dé ìparí, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Awakọ̀ ní, "Ẹ gbà mí! Ta ló kọ́ yín?"

"Ọmọ mi obìnrin ni," màámi ló sọ bẹ́ẹ̀, ohùn ẹ̀ ń dán. "Orí ẹ̀ pé."

Mo dìde. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo pariwo mọ́ ìyá tó bí mi lójú oníbàárà. "Màámi! Ó yé yín! Láti ìgbà wo?"

Awakọ̀ rọra mú omi kan, ó sọ owó sílẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Màámi jókòó sórí kéèsì mínírà. Mo ń retí àbàrá, kò gbá mi. Ó ní, "Láti ọjọ́ tó o ti mú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀ ọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá ń tàn mí?"

"Tí mo bá ní ó yé mi, o ti lọ nìyẹn."

Mo ní, "Èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi, màámi."

"Mo mọ̀." Ó ń wo àfọ́kù nílẹ̀. "Nígbà tó ń ṣe tiẹ̀, kò sí ọjọ́ tí mi ò bi í léèrè. Màá ní, ṣé ó ń yé ẹ? Á ní, ó ń yé mi, màámi. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pè wá yẹn gan-an, mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní ó ń yé òun."

Kò sunkún. Ó fa aṣọ ẹ̀ sókè, ó ní, "Lọ ṣe é. Màá sọ fún bàbá ẹ pé ó yé mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò bá yé ẹ, jọ̀ọ́, má rẹ́rìn-ín sí mi."

Ó yẹ kí n fò sókè. Ohun tí mo ti ń bá a jà lé lórí látìgbà tí ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀ ló gbé lé mi lọ́wọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mo jókòó tì í lórí kéèsì yẹn, ẹ̀rù sáyẹ́ǹsì sì bà mí fún ìgbà àkọ́kọ́.