Àlejò Tó Wá Wo Ojú Màmá Ìbílọlá

Bí ẹ bá dé Ìkàrẹ́ tí ẹ ń béèrè Kafilat, wọ́n lè máa wò yín bí ẹni tó ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Nọ́ọ̀sì Ojú ni ẹ ń wá, wọ́n á sìn yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìtọ́jú ojú ló ṣe lọ́sibítù títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sin adìẹ, tí wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, òun ní òun máa dá ẹgbẹ́ aláàánú sílẹ̀, kí àwọn arúgbó tí awọ funfun ti bo ẹyinjú wọn lè ríran padà. Iṣẹ́ abẹ tí kì í pẹ́ rárá ni. Ó ti rí arúgbó tí wọ́n tú báńdéèjì lójú rẹ̀, tó rí ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó bú sẹ́kún. Ìyẹn ló kó o sínú wàhálà.

Torí wàhálà ni o. Kò sí ọ̀nà tí obìnrin yìí ò gbà wá owó. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ibi méjèèjì ní kó jẹ́ kí àwọn parí òrùlé ná. Ó bẹ àwọn ọmọ Àkókó tó wà lókè òkun lórí wásáàpù. Wọ́n fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́, wọ́n sì dákẹ́. Olówó kan ní Ìkàrẹ́ ní òun á dá sí i, tí wọ́n bá lè kọ orúkọ òun síbi tí gbogbo ayé á ti máa rí i. Kafilat bi í pé níbo ni kí àwọn kọ ọ́ sí, ṣé ara ẹyinjú àwọn arúgbó ni? Ọkùnrin náà bínú, ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Kafilat kó máa lọ.

Níkẹyìn ni àjọ aláàánú kan l'Ábújá dáhùn. Wọ́n ní àwọn lè san owó iṣẹ́ abẹ gbogbo arúgbó tó forúkọ sílẹ̀, láti Ọ̀kà dé Ìkùn dé Ìfira. Ṣùgbọ́n aṣojú àwọn á kọ́kọ́ wá wo ilé ẹnìkan, kó fojú rí i pé aláìní ni lóòótọ́, kó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni náà pé kò ríran. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá yege, gbogbo wọn yege nìyẹn.

Kafilat mú Màmá Ìbílọlá, ní Ọ̀kà. Ta ni ì bá tún mú? Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti kú, òrùlé rẹ̀ ń jò, ojú rẹ̀ méjèèjì funfun báláú. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀wò aṣojú náà, ó lọ bá a, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe nǹkan kan o, kó jókòó bó ṣe máa ń jókòó, kó sì sọ òótọ́ tí wọ́n bá bi í. Màmá ní òun ti gbọ́. Kafilat náà lọ sílé, ó sùn. Ó yẹ kó ti mọ̀ pé ẹni tó ní òun ti gbọ́ kò tíì ní òun gbà.

Ọ̀gbẹ́ni Dayọ̀ ni wọ́n rán wá, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń làágùn bí òun àti Kafilat ṣe ń gun òkè tí ilé Màmá wà. Bí wọ́n ṣe wọlé, ẹnu Kafilat ò lè pa dé. Àga tìmùtìmù Limota, aládùúgbò Màmá, ló wà nínú yàrá. Wọ́n ti tẹ́ ẹní tuntun sórí ibi tí òjò ń jò sí. Màmá jókòó bí olorì, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ́dún ìdílé ọkọ rẹ̀, iyùn wà lọ́rùn rẹ̀, gíláàsì dúdú sì wà lójú rẹ̀. Iyán wà lórí tábìlì. Adìẹ odidi wà lórí tábìlì. Adìẹ kan ṣoṣo tó ń yé ẹyin fún un ló pa yẹn!

Dayọ̀ béèrè bóyá oúnjẹ máa ń tó Màmá jẹ. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní nílé ọkọ òun kẹ̀? Ó béèrè bóyá òrùlé dára. Màmá ní ọkọ òun ló kọ́ ilé náà, kì í ṣe ilé yẹpẹrẹ. Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ ojú.

Màmá ní, "Ojú mi ò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi. Ṣé n ò rí fìlà aláwọ̀ búlúù tó o dé ni? Ó yẹ ọ́."

Limota ló sọ àwọ̀ fìlà náà fún Màmá bí wọ́n ṣe ń wọlé. Kafilat rí Limota nígbà tó ń sọ̀rọ̀ sí Màmá létí, ó rò pé ìkíni ni. Ó bẹ Màmá pé kó bọ́ gíláàsì. Màmá ní òun kì í bọ́ ọ níwájú àlejò. Kafilat tú gbogbo àṣírí fún Dayọ̀, ó ń ka ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rojọ́ ní kóòtù. Ọmọkùnrin náà tẹ́tí sí i. Ó ní òun gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ò lè gbé ẹni tó ní ara òun le lọ sórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ, ohun tí òun gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni òun máa kọ. Ó ní òfin àwọn ò sì gbà kí òun jẹun nílé ẹni tí àwọn wá wò. Ó kí Màmá tẹ̀ríba tẹ̀ríba, ó sì jáde. Kafilat bẹ̀ ẹ́ dé ìdí mọ́tò. Dayọ̀ ní ìpínlẹ̀ míì ni owó náà máa lọ.

Kafilat gun òkè náà padà, inú ń bí i débi pé kò mọ bó ṣe dé òkè. Ó ti to gbogbo ohun tó fẹ́ sọ. Ó wọlé, ó sì sọ ọ́: pé kí ló dé, pé ta ló ní kó pa adìẹ, pé ṣé bí wọ́n ṣe ń wá ìrànlọ́wọ́ nìyẹn, pé gbogbo àwọn arúgbó tó wà nílẹ̀ ńkọ́?

Màmá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó wá bọ́ gíláàsì náà. Ó kọjú sí àga tí Dayọ̀ ti jókòó, ibẹ̀ ló rò pé Kafilat wà.

"Nọ́ọ̀sì, mo ń bá ọ ṣe é náà ni. O ti ń tọrọ láti ìgbà yìí wá, ta ló fún ọ? Mo ní kí n gbà á lálejò, kó mọ̀ pé èèyàn gidi ló ń bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe alágbe. Ẹni tó bá jẹun mi, ojú á tì í láti sọ pé rárá." Ó tún béèrè pé, "Ṣé ó jẹun?"

Iyán ti gbẹ lójú. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan adìẹ náà.

Kafilat ní, "Ó jẹ ẹ́ tán, Màmá. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Inú Màmá dùn, ó ní òun mọ̀. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó ń tá ràrà wá abọ́ tó fẹ́ palẹ̀ mọ́. Kafilat sáré gbé e kúrò níwájú rẹ̀, ó ní kó jókòó, òun á fọ̀ ọ́.