Ọjọ́ Tí Oúnjẹ Anti Bọ́sẹ̀ Gba Iwájú Àwọn Àgbà Kọjá

Òórùn òróró gbígbóná àti fùláwà oníṣúgà ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn ní Inísà. Kì í ṣe òórùn tí a mọ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé wa. Èéfín igi la mọ̀ mọ́ ọn, àti irú, bí òjò bá sì rọ̀, òórùn ewúrẹ́ tó tutù á borí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, àfi bí ẹni pé wọ́n ti sọ ìdí ààrò màmá mi di ilé búrẹ́dì. Màmá mi jókòó lórí àpótí, ó ń ju fùláwà pípò sínú òróró ní róbótó-róbótó, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Bí ó ṣe rí mi, ó ní, "O ti jí? Lọ bọ́jú. Ìyàwó ń retí wa." Ìyàwó tó ń wí náà ṣì ń sùn.

Ìyàwó náà ni Anti Bọ́sẹ̀, àbúrò bàbá mi tó kéré jù. Ó ti gbé Ìbàdàn fún ọdún díẹ̀, Ìbàdàn náà sì ti gbé e. Nígbà tó ń lọ, ọwọ́ ló fi ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Nígbà tó dé, fọ́ọ̀kì ló fi ń gún un. Ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì sọ fún wa pé kí òun tó wọlé ọkọ, òun máa kọ́kọ́ ṣe "bíráídà ṣáwà". Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú agbo ilé. Ó ṣàlàyé pé àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ló máa ń kóra jọ, wọ́n á jẹ ìpanu, wọ́n á ṣeré, wọ́n á ya fọ́tò. Bàbá Àgbà, tó jẹ́ olórí ilé wa, béèrè pé ta ni yóò ṣàdúrà níbẹ̀. Anti Bọ́sẹ̀ ní kò sí àdúrà níbẹ̀. Bàbá béèrè pé kí ni àwọn àgbà yóò wá ṣe. Ó ní kò sí àgbà níbẹ̀ náà. Bàbá Àgbà dákẹ́. Bí àgbà bá dákẹ́ báyẹn nílé wa, ẹni tó gbọ́n á ti máa wá ẹni tí yóò bá òun bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n Anti Bọ́sẹ̀ ti di ará Ìbàdàn, ó rò pé Bàbá ti gbà ni.

Màmá mi ní tirẹ̀ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìyàwó ilé ni. Gbogbo ọmọ tó bá nínú ilé náà, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Òun ló ń fọ ìdí fún Anti Bọ́sẹ̀ nígbà tí ìyẹn wà ní kékeré, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. "Adúmáadán" ló ń pè é. Ẹ ò rí ọkọ, ọkọ tí wọ́n ń fọ ìdí fún.

Ilé tuntun tí bàbá mi ń kọ́ síwájú agbo ilé ni Anti Bọ́sẹ̀ yàn fún àpèjẹ náà. Pálọ̀ rẹ̀ ní táìlì, ó ní kọ́tìnì, ó ní àga onítìmùtìmù. Ohun kan ṣoṣo tí ilé náà kò ní ni ilé ìdáná. Yàrá tó yẹ kó jẹ́ ilé ìdáná kún fún àpò sìmẹ́ńtì àti kẹ̀kẹ́ bàbá mi tó ti bàjẹ́. Màmá mi dá a lábàá pé kí wọ́n kúkú ṣe é ní ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ igi máńgòrò, kí oúnjẹ lè máa gbóná dé ọwọ́ àlejò. Anti Bọ́sẹ̀ wò ó bí ẹni pé ṣalángá ló ní kí wọ́n ti ṣe é.

"Ìyá Fọlá, a ò nílò kíṣìnì. Ìpanu lásán ni. Kò sí síbí, kò sí ìkòkò, kò sí wàhálà."

Màmá mi ní, "Adúmáadán, ibo ni nǹkan tí kò ní wàhálà yẹn ti máa jinná?"

"Ẹ máa dín in lẹ́yìn, kí Fọlá máa gbé e wá síwájú."

Bí wọ́n ṣe rí kíṣìnì nìyẹn: èmi ni. Ó tún kìlọ̀ fún màmá mi pé kó má pe àwọn ìyàwó ilé tó kù, nítorí bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á gbé ìkòkò ńlá kaná, wọ́n á sì pe gbogbo Inísà.

N kò janpata, nítorí Anti Bọ́sẹ̀ ti ṣèlérí fún mi. Ó ní bí mo bá ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà dáadáa lójú Sista Kẹ́mi, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, òun máa mú mi lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Màá máa gbé lọ́dọ̀ wọn, màá sì máa lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ní ilé ìwé tiwa, ẹni tó bá pẹ́ dé, orí búlọ́ọ̀kù ló ń jókòó sí, àwa la sì ń gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ kúrò ní kíláàsì kí tíṣà tó dé. Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn yìí gbà mí lọ́kàn débi pé oorun kì í kùn mí mọ́. Mo ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n má ṣe máa retí mi lọ́jọ́ ọdún, pé ọwọ́ mi lè má dilẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la, èmi àti màmá mi lọ sí ọjà Ìkìrun láti ra abọ́ oníwèé olódòdó àti igi ìtayín tí wọ́n máa fi gún ẹran. Nínú bọ́ọ̀sì tí a bá padà, obìnrin kan tó ń kó iṣu bọ̀ láti Ìbà jókòó tì wá. Ó gbé ọ̀kan nínú abọ́ náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ṣé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ fi èyí bọ́ ni?" Màmá mi ní àwọn àlejò láti Ìbàdàn ni. Obìnrin náà mirí. "Ó mà ṣe o. Ṣé ara wọn ò yá ni?"

Màmá mi ní òfin kan lórí oúnjẹ, kò sì sí ọmọ ilé wa tí wọn kò nà mọ́ ọn rí. Bí o bá gbé oúnjẹ kọjá níwájú àgbà, kúnlẹ̀, kí o ní, "Ẹ wá jẹun." Àgbà náà á ní, "Á gba ibi ire," wàá sì dìde, wàá máa bá tìrẹ lọ. Ìlànà ni. Àti ẹni tó ń pe ènìyàn wá jẹun, àti ẹni tí wọ́n pè, wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan nǹkan kan. "Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde," màmá mi á wí, á sì fi ọmọ orógùn kàn mí lórí kí ọ̀rọ̀ náà lè wọlé dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò gbọ́ kí àgbà kankan dáhùn pé, "Ó dáa, gbé e wá."

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni àwọn àlejò dé. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú dígí dúdú lójú àti bàtà tó ń wọ ilẹ̀ lọ bí ìṣó. Bàbá Àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́, ní àárín ẹ̀yìnkùlé àti ilé tuntun. Ìyá Òkukù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àǹtí bàbá mi ni ìyá yìí. Òkukù ló ti lọ́kọ kí ó tó padà sílé wá darúgbó, kò sì sí ìyàwó tó jáde nínú agbo ilé wa tí kì í ṣe òun ló gbà á níyànjú kó tó lọ. Àwọn àlejò juwọ́ sí àwọn méjèèjì, bí ẹni tó wà nínú mọ́tò ṣe ń juwọ́ sí àwọn tó dúró létí ọ̀nà. Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, orin sì bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé tíréè pọ́fù-pọ́fù. Mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀. "Ẹ wá jẹun, sà. Ẹ wá jẹun, mà."

Bàbá Àgbà wo Ìyá Òkukù. Ìyá Òkukù wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Bàbá ní, "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Pọ́fù-pọ́fù ni, sà. Ti àwọn àlejò Anti Bọ́sẹ̀ ni."

"Ó dáa. Gbé e wá."

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Bàbá na ọwọ́, ó mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó gbóríyìn fún màmá mi, ó tún na ọwọ́. Ìyá Òkukù tú etí ìborùn rẹ̀, ó dì díẹ̀ sí i, ó ní ti àárọ̀ ọ̀la ni. Wọ́n jẹ, wọ́n sì ṣàdúrà, wọ́n ní ilé ọkọ yóò tu Bọ́sẹ̀ lára, yóò bí akọ, yóò bí abo. Gbogbo àdúrà tí ìyàwó ń fi owó wá ni wọ́n ṣe fún un, kò gbọ́ ọ̀kan nítorí orin. Nígbà tí mo fi dé pálọ̀, ohun tó kù lórí tíréè kò tó láti fi ya fọ́tò.

Mo sáré padà lọ sọ fún màmá mi. Ó kọjú sí ìdí ààrò, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi rò pé èéfín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Tíréè kejì, sàmósà ni. Ìròyìn ti dé agbo ilé kejì nígbà yẹn. Àwọn àgbà tí kò rántí Bàbá Àgbà láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n wá béèrè àlàáfíà rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n sì jókòó tò. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá jẹun. Wọ́n wá.

Anti Bọ́sẹ̀ dá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wo tíréè òfìfo náà, ojú rẹ̀ yí padà. Nínú ilé, ebi ti ń pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí àga onítìmùtìmù. Ó fà mí létí, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí wọ́n má bàa gbọ́. "Gbọ́ mi, Fọlá. Èyí tó kù, Sista Kẹ́mi ni mo ṣe é fún. Má kí ẹnikẹ́ni. Má wo ẹnikẹ́ni. Bí o bá tún kúnlẹ̀, gbàgbé Ìbàdàn."

Ọ̀nà mìíràn wà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ṣalángá ló gbà, Anti Bọ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ti sọ pé oúnjẹ òun kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Mo tún ohun tó wí sọ fún màmá mi. Bóyá mo ń retí pé kó ní kí n ṣe bí Anti ṣe wí, kí ó má bàa jẹ́ èmi ni mo dá a pinnu. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó to ìwe adìyẹ àti dòdò náà dáadáa, ó nu etí tíréè, ó ní, "Rọra gbé e, ó gbóná."

Mo tẹ ojú mọ́ tíréè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi: Ìbàdàn, Ìbàdàn, Ìbàdàn. Mo ti fẹ́ kọjá tán kí n tó gbọ́ ohùn Ìyá Òkukù. "Àbẹ̀kẹ́, o kú iṣẹ́ o. Kò rẹ̀ ọ́?"

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ kí mi, oríkì mi ló sì fi pè mí. Ní ilé wa, ìtìjú wo ló tún ju ìyẹn lọ? Mo rí Anti Bọ́sẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń mirí sí mi. Mo rí i kedere, mo sì kúnlẹ̀. "Ẹ wá jẹun, mà." Omi ti lé sí mi lójú.

Ìyá Òkukù wò mí, ó wo Anti Bọ́sẹ̀, ó tún wò mí. "Á gba ibi ire, ọmọ mi. Gbé e lọ bá wọn." Bàbá Àgbà àti gbogbo àwọn tó jókòó náà dáhùn pé á gba ibi ire.

Tíréè náà pé nígbà tó dé pálọ̀. Sista Kẹ́mi mú dòdò ẹyọ kan, ó ní òun ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, òun kò fẹ́ sanra.

Ohun yòówù kí ẹnì kan sọ nípa Anti Bọ́sẹ̀, obìnrin tí kì í yẹ àdéhùn ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló sọ fún màmá mi pé, "Ẹ má bínú, Ìyá Fọlá. Ọmọ yín ò ní lè gbé ìlú ńlá." Màmá mi ní, "Adúmáadán, ẹ kú ìnáwó." Ọmọ mọ̀lẹ́bí wa kan láti Ìkìrun ni Anti mú lọ, ọmọ tó lè gba àárín àwọn àgbà kọjá láìrí ẹnì kan nínú wọn. Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Mo bínú sí Anti Bọ́sẹ̀, mo bínú sí Ìyá Òkukù, ṣùgbọ́n màmá mi ni mo bínú sí jù, nítorí òun ló kọ́ mi. Ó jẹ́ kí n sunkún tó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìbàdàn ò ní kó lọ."

Kò sì kó lọ lóòótọ́. Ibẹ̀ ni mo ń gbé báyìí, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Mo ní kíṣìnì tó pé pérépéré, ó ní gáàsì, ó ní fíríìjì, mo sì máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra nígbà tí mo bá ń jẹun, bí ọmọlúàbí ìgboro. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra oúnjẹ bọ̀ nínú ọ̀rá. Bàbá arúgbó tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sí ibòmíràn tí mo lè gbà. Mo gbé fóònù sétí. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀, mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, títí mo fi gun àtẹ̀gùn tán.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn fẹ́ Ìbàdàn ju bí mo ṣe fẹ́ ohunkóhun lónìí lọ. Ó mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ náà máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Ká ní èmi tòní ni mo gbé tíréè náà, gbogbo oúnjẹ Anti Bọ́sẹ̀ ni ì bá dé pálọ̀ láìdín. Ìyá Òkukù ì bá kí mi, n kò sì ní gbọ́.