Ìmọ̀ràn Tí Bàyúmì Fún Ìyá Ràgábù

Ọkọ Ínsáàfù kú nígbà òtútù, kò sì pẹ́ tí Bàyúmì, àbúrò ọkọ rẹ̀, fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ tí olóògbé fi sílẹ̀ bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Ilẹ̀ náà kò tóbi. Ó wà létí ipa omi, ebè ẹrẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló sì pààlà sáàárín òun àti oko Bàyúmì. Ràgábù, ọmọ Ínsáàfù tí ì bá ro ó, ń ṣiṣẹ́ ní Kùwéétì.

Bàyúmì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Àlàájì Màsúùdù, baálẹ̀ wa. Ó ní opó kì í dá oko ro, ilẹ̀ bàbá àwọn kò sì gbọdọ̀ di igbó. Baálẹ̀ mu tíì rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

"Ẹ jẹ́ kó gbìn ín ná. Bí ọdún Iléyá bá ti kọjá, màá wá wò ó. Ibi tí mo bá ti rí ewé, ti Ìyá Ràgábù ni. Ibi tó bá ṣófo, kí Bàyúmì máa ro ó."

Àwọn méjèèjì ní àwọn gbà.

Àgbàdo dídùn ni Ínsáàfù yàn, torí àwọn ará ìlú Tántà ń wá a bí ẹní ń wá oyin. Kò gbin irú rẹ̀ rí. Àgbàdo funfun tí a fi ń ṣe búrẹ́dì ló mọ̀. Nígbà tó tú irúgbìn náà wò, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n hunjọ, wọ́n fúyẹ́, àfi bí ẹni pé ẹnì kan ti fa oje wọn mu kó tó tà wọ́n. Ó gbé ìkòkò omi wá láti rẹ wọ́n, ó sì gbé agbọ̀n ìgbẹ́ ẹyẹlé tí yóò fi ṣe ajílẹ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn Bàyúmì ti dún láti òdìkejì ebè.

"Ìyá Ràgábù, ẹ má rẹ ẹ́ o! Mo ti ṣiṣẹ́ lóko àgbàdo yìí rí nílẹ̀ aṣálẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di oko. Gbígbẹ ni wọ́n ń gbìn ín, sínú ilẹ̀ gbígbẹ, kẹ́ ẹ tó wá tú omi sí i. Ìgbẹ́ ẹyẹlé yẹn náà, ẹ má kó o sínú ihò kan náà pẹ̀lú irúgbìn, á jó o. Ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀."

"O ṣeun, àbúrò ọkọ mi. Ìgbà wo lo di ìyá mi?"

"Ìyá yín ò gbin irú èyí rí."

"Ìyá mi ò sì gba ilẹ̀ opó rí."

Bàyúmì rẹ́rìn-ín, ó họ orí lábẹ́ fìlà, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló mú ara fu Ínsáàfù. Kí ni ìkookò fẹ́ fi ìlera ewúrẹ́ ṣe? Ìyá rẹ̀ a máa rẹ àgbàdo títí yóò fi lajú, a fi omi kún ilẹ̀, a gbìn ín sínú ẹrẹ̀ tútù, a sì da ẹ̀kúnwọ́ ìgbẹ́ ẹyẹlé sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo abúlé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí a bá ń rẹ àgbàdo tó sanra, mélòó mélòó èyí tí òùngbẹ ti pa dé egungun?

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó wá pinnu láti dẹ pàkúté: yóò gbin ìdajì bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe, yóò sì gbin ìdajì bí Bàyúmì ṣe wí. Bí ti Bàyúmì bá rà tán, òun á fa apá aṣọ baálẹ̀, òun á ní kó wá fojú ara rẹ̀ rí ìkà.

Ìdajì Bàyúmì yọ. Ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí àwọn ọmọ kéwú. Ní ìdajì kejì, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, gbogbo wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn Ínsáàfù ni pé Bàyúmì ti wá fà á tu. Ó wá ipasẹ̀ títí; ti ara rẹ̀ àti ti lékeléke nìkan ló rí. Ó wá fi ìka wú ilẹ̀. Irúgbìn tó rẹ ti di ọ̀gì, ó ń rùn. Àwọn tó hù, ajílẹ̀ ti jó ẹnu gbòǹgbò wọn dúdú.

Ó lọ bá Bàyúmì nídìí tíì rẹ̀.

"Bàyúmì, ṣé o fẹ́ ilẹ̀ yìí àbí o ò fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ."

"Kí ló wá dé tó o fi sọ òótọ́ fún mi?"

"Bí mo bá parọ́, òdìkejì ẹ̀ lẹ máa ṣe, àgbàdo á sì yọ. Òótọ́ nìkan ni mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà lẹ́nu mi."

Ínsáàfù wò ó títí. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ejò á sá fún ẹ. Ṣùgbọ́n mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́."

"Ìdajì tó kù tó mi."

Ohun tí Bàyúmì kò mọ̀ ni pé irúgbìn ṣì kù nínú agolo lábẹ́ ibùsùn. Ínsáàfù jẹ́ kí ibi tó ṣófo gbẹ dáadáa, ó gbìn ín ní gbígbẹ, ó fi ìgbẹ́ ẹyẹlé sí ẹ̀gbẹ́, ó tú omi sí i. Ọdún Iléyá kọjá, baálẹ̀ dé. Ìdajì oko ga dé orúnkún, ìdajì kò ju ìka lọ.

"Èyí ṣì kéré jù," Bàyúmì wí.

"Ṣé mo ní kó ga ni? Ewé ni mo ní. Ewé nìyí."

Baálẹ̀ gbá ẹ̀wù jalabíà rẹ̀ mọ́ra, ó bá tiẹ̀ lọ. Bàyúmì dúró bí ẹni tó he òkúta nínú búrẹ́dì. Nígbà tó yá, ó na ọrùn kọjá ebè.

"Ìyá Ràgábù, ẹ má bomi rin àwọn kékeré yẹn lónìí o. Ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò wọn wá omi lọ sísàlẹ̀."

Ínsáàfù ti gbé ọkọ́ lé ẹrẹ̀ tó dí ẹnu ipa omi, kó lè ṣí i. Ó dúró. Ọkùnrin yìí ti mọ̀ pé òun ti ń gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣé irọ́ wá kàn báyìí ni? Ó wo ojú Bàyúmì. Lékeléke ni ìyẹn ń wò.

Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti ìka bọ ilẹ̀ títí ó fi kan gbòǹgbò. Ó tutù níbẹ̀, ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀. Ó nù ún mọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀, ó fi ẹnu omi sílẹ̀ ní dídí, ó kọrí sílé.

"Ẹ ti wá gbà mí gbọ́ nìyẹn!" Bàyúmì ké tẹ̀ lé e.

"Ìwọ kọ́ ni mo bi léèrè, ilẹ̀ ni."